Ìka Mẹ́ta Tó Kù Lára Ìyá Ìlù

Ẹ dúró! Ẹ dúró ná, mo ní kí ẹ dúró! Sàídátù, gbé sáńpépà yẹn sílẹ̀. Ìwọ náà, Wàídì, dé agolo fáníṣì yẹn padà kí òórùn rẹ̀ tó pa mí. Ẹ ò ṣẹ̀ mí o. Ẹ ní ọdún ọdẹ ti kù sí dẹ̀dẹ̀, àlejò ń bọ̀ láti Ìbàdàn àti Èkó, wọn yóò máa fi fóònù ya àwòrán, ẹ sì fẹ́ kí àwọn ìlù àgẹ̀rẹ̀ agbo ilé wa máa dán gbinrin. Orí yín pé. Ṣùgbọ́n orí tèmi náà pé lọ́jọ́ tí mo ṣe irú ohun tí ẹ fẹ́ ṣe yìí, ẹ óò sì gbọ́ ibi tó bá mi dé. Ẹ fa àga mi súnmọ́ ibí, kí ẹ jókòó sórí ẹní. Ẹ wò ó, ara mi ti ń yá gágá, nítorí ó pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti bi mí léèrè ìdí tí ìyá ìlù yìí fi dúdú lápá kan tí ó sì pupa lápá kejì.

Ṣakí tí mò ń sọ kì í ṣe Ṣakí tí ẹ ń fi ọ̀kadà gbọn eruku rẹ̀ kiri yìí. Ọdún díẹ̀ ni lẹ́yìn tí ìjọba ní kí gbogbo ọkọ̀ kúrò lọ́wọ́ òsì títì, kí wọ́n bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún. Àwọn bàbá kan kò gbà o! Bàbá kan wà ní àdúgbò wa tó jẹ́ pé ọwọ́ òsì ló ń fi kẹ̀kẹ́ rẹ̀ gbà bọ̀ láti oko. Bí ọkọ̀ bá fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá a, yóò sọ̀ kalẹ̀, yóò fi ọwọ́ méjèèjì sí ìbàdí, yóò ní, "Ọ̀nà tí bàbá mi gbà lèmi ń gbà." Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Àwa náà rẹ́rìn-ín nígbà náà, èmi ni mo tilẹ̀ rẹ́rìn-ín jù.

Ládàánì ló máa ń kọ́kọ́ jí wa láàárọ̀, kò sì sí ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn rẹ̀ sókè, ọ̀fun rẹ̀ náà ni. Kò ní tíì parí tí àwọn alágbẹ̀dẹ yóò ti bẹ̀rẹ̀, kan-kan-kìn, kan-kan-kìn, wọ́n ń rọ ìbọn ṣakabùlà, wọ́n ń pọ́n ọkọ́ àti àdá. Tí o bá dé ẹ̀yìnkùlé, òórùn òrí tí àwọn ìyá wa ń sè ni yóò pàdé rẹ. Nígbà ọyẹ́, ètè gbogbo wa a máa là, òrí yẹn náà la fi ń pa á. Òrí náà lẹ wá ń rà lónìí nínú ike kékeré tó ń rùn bí súìtì, ẹ ní ti òyìnbó ni. Ó pa mí lẹ́rìn-ín.

Ṣùgbọ́n ohùn kan wà tí a kì í gbọ́ lójoojúmọ́. Ìlù àgẹ̀rẹ̀ ni, ìlù àwọn ọdẹ. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni wọ́n ń lù ú, lọ́jọ́ ọdún ọdẹ, àfi bí ọdẹ ńlá kan bá kú. Ìyá ìlù kan, ọmọ méjì. Igi apá ni wọ́n gbẹ́, awọ àgbọ̀nrín ni wọ́n fi bò ó. Háà, ẹ̀yin ọmọ yìí! Bí ìyá ìlù bá dún gbìì, inú àyà rẹ ni yóò ti kọ́kọ́ dún kí etí rẹ tó gbọ́ ọ. Ọjọ́ méje ni àwọn ọdẹ máa ń lò nínú igbó lápá odò Òfìkì kí ọdún tó pé. Bí wọ́n bá ń bọ̀, a óò máa gbọ́ ìbọn wọn láti òkèèrè, gbàù! gbàù! gbogbo wa a sì sáré gun orí àpáta lọ wò wọ́n. Ta ló ń bèèrè pé ta ni Mùsùlùmí, ta ni aborìṣà? Bàbá mi kì í pa ìrun wákàtí márùn-ún jẹ, kò sì pa ọdún ọdẹ kan jẹ rí. Ó ní ìbọn ni wọ́n fi bọ́ òun dàgbà.

Ìlù wọ̀nyẹn dúdú. Kì í ṣe dúdú ọ̀dà o! Wọ́n á lọ èédú, wọ́n á po osùn, àdín àti oje igi ọ̀dàn mọ́ ọn, ohun tí wọ́n fi ń kùn ún nìyẹn. Wọ́n á wá gbé e kọ́ òkè ààrò kí èéfín máa rọ́ sí i láti ọdún dé ọdún. Ó nípọn lára igi bí èèpo. Àṣà kan sì wà ní agbo ilé wa tí n ò rí ní ibòmíràn. Bí ọdẹ wa kan bá pa ẹfọ̀n, ẹran tó jẹ́ pé bí o kò bá pa á òun ni yóò pa ọ́, wọn yóò po oje àti èédú tuntun, wọn yóò fi lẹ ojú kan lára ìyá ìlù. Kí ó tó gbẹ, ọdẹ náà yóò tẹ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ mọ́ ọn. Tó bá gbẹ tán, ojú ọwọ́ yẹn kò lọ mọ́. Mọ́kànlá ni ojú ọwọ́ tó wà lára ìyá ìlù nígbà tí mò ń sọ yìí, ìka kọ̀ọ̀kan sì jìn débi pé afọ́jú lè fi ọwọ́ kà á.

Ọ̀kan nínú ọwọ́ mọ́kànlá yẹn ni ti Ògúnjìnmí. Ọdẹ tó láyà ni, àwọn tó mọ̀ ọ́n ní bó bá ń bọ̀, ajá a kọ́kọ́ dákẹ́. Tàkúté ti ṣẹ́ ọmọńdinrín rẹ̀ rí, kò sì tò dáadáa, ìka náà tẹ̀ síta. Ọdún kan, ó lọ ìgbẹ́, kò padà. Wọ́n wá a títí, wọ́n rí fìlà rẹ̀ létí odò, wọn ò rí òun. Kò sí òkú, kò sí sàréè. Ìyàwó rẹ̀ kù sílẹ̀ pẹ̀lú ọmọ tó ń rákò. Ráfátù lorúkọ ọmọ náà. Bẹ́ẹ̀ ni, Sàídátù, Ráfátù yẹn náà, ìyá tó bí ìyá rẹ. Má dá ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu, mò ń bọ̀ níbẹ̀.

Níwọ̀n bí kò ti sí sàréè tí Ìyá Ráfátù lè lọ ṣàdúrà sí, ìyá ìlù ló ń wá bá. Lọ́dọọdún, kí wọ́n tó lù ú, wọn yóò jẹ́ kí ìyá náà kọ́kọ́ wọlé. Yóò fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ lé ojú ọwọ́ ọkọ rẹ̀, yóò bá a sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́, yóò fa ọmọ rẹ̀ súnmọ́ ọn, òun náà yóò fi ọwọ́ tirẹ̀ síbẹ̀. Láti ìgbà tí ọwọ́ Ráfátù ti rí bí ewé efinrin ni wọ́n ti ń fi wọn ọwọ́ bàbá rẹ̀. Bàbá tí kò mọ ojú rẹ̀, tí kò mọ ohùn rẹ̀, ó mọ bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe tóbi tó. Ọdún tí mò ń wí yìí wá jẹ́ ọdún ìgbéyàwó Ráfátù. Ọ̀la ọdún ọdẹ ni wọ́n mú. Ẹ sì mọ̀ pé ọmọge ilẹ̀ wa kì í lọ sílé ọkọ láì kúnlẹ̀ fún bàbá rẹ̀ kó súre fún un. Níbo ni Ráfátù máa kúnlẹ̀ sí? Níwájú ìlù yìí ni.

Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká fi wọ́n sílẹ̀ níbẹ̀ ná, kí n wá sọ ti akọni ọkùnrin tó bá wọn ba nǹkan jẹ́.

Èmi ni. Ọdún méjìlá ni mo lò ní Ìbàdàn lẹ́nu iṣẹ́ káfíńtà. Ọ̀gá mi kò kúkú fi mí sídìí pákó, ìdí dídán ló fi mí sí. Àga ìjókòó, bẹ́ẹ̀dì, kọ́bọ́ọ̀dù, èmi ni mò ń họ wọ́n, tí mò ń pa wọ́n, tí wọ́n fi ń dán débi tí o lè fi wo ojú rẹ kí o fá irùngbọ̀n. Mo ti ń mú àfọ́kù ìgò họ igi kí n tó mọ ìtumọ̀ ìyàwó. Nígbà tí mo padà sílé, mo wọ ṣòkòtò ẹlẹ́nu gbàgùdù, mo dá irun rẹpẹtẹ sórí, mo gbé rédíò kékeré há abíyá, mo sì ń wo gbogbo Ṣakí bí ibi tí wọn ò tíì họ. Ìlẹ̀kùn mọ́ṣáláṣí wa, mo ní, "Kò dán tó." Àpótí ìyá mi, mo ní, "Kò dán tó." Ìyá mi ní, "Ìwọ ńkọ́, ta ni yóò dán ọ?" Mo rẹ́rìn-ín, n ò mọ̀ pé àdúrà ló ń gbà.

Bàbá Àlàó, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ni olórí ọdẹ, ọ̀dọ̀ rẹ̀ sì ni ìlù wà. Nígbà tí àwọn ọdẹ wọ igbó fún ọjọ́ méje, ilé ṣófo. Mo wo òkè ààrò, mo rí ìlù mẹ́ta tí ó dúdú, tí aáyán ń rìn lára wọn. Inú mi dùn! Mo ní wọn yóò wọlé láti inú igbó, wọn yóò bá ìlù tó ń dán bí ìlẹ̀kùn ilé lọ́yà, Bàbá Àlàó yóò gbá mi mọ́ra níwájú gbogbo ìlú. Mi ò bi ẹnikẹ́ni. Àìmọ̀kan ní í mú èkúté ilé pe ológbò níjà.

Mo bẹ̀rẹ̀ láti orí ìlù kékeré kan. Kò ní ojú ọwọ́ kankan lára. Mo fi àfọ́kù ìgò họ ọ́, mo fi sáńpépà olójú gbàgìdì tẹ̀lé e, mo wá fi ti olójú wẹ́wẹ́, ṣáá, ṣáá, ṣáá. Mo di òwú sínú àkísà, mo rẹ ẹ́ sínú pọ́líṣì, mo pa á lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Háà! Igi apá pupa bí osùn jáde, ó ń dán yanran lábẹ́ oòrùn. Mo gbé e yí po, mo jó. Mo fi gbogbo òótọ́ sọ fún yín, mo jó ní èmi nìkan ní àgbàlá.

Ẹ wá gbọ́ ẹ̀gọ̀ mi. Mo mọ̀ pé ojú ọwọ́ wà lára ìyá ìlù, ta ni kò mọ̀? Ṣùgbọ́n kékeré ni mo ti kúrò nílé, n kò sí níbẹ̀ rí nígbà tí wọ́n ń tẹ ọwọ́ mọ́ ọn. Èrò mi ni pé wọ́n gbẹ́ ọwọ́ wọ̀nyẹn sára igi ni, pé ẹ̀gbin ló bò wọ́n mọ́lẹ̀, bí mo bá họ ẹ̀gbin kúrò, ọwọ́ yóò yọ síta kedere. Mo wá ń họ, mo ń wá ọwọ́. Ọwọ́ àkọ́kọ́, mo họ ọ́ dé ìsàlẹ̀, igi tó tẹ́jú ni mo bá. Mo ní, "Bóyá èyí ni kò jìn." Mo bọ́ sí èkejì, igi. Ẹ̀kẹta, igi. Mo ní àwọn agbẹ́gi àtijọ́ yìí mà ya ọ̀lẹ o! Ẹ̀kẹrin, igi náà ni. Mo ti bọ́ sí ẹ̀karùn-ún, mo ti họ àtàǹpàkò lọ, mo ti họ ìka tó tẹ̀lé e lọ, nígbà tí mo gbọ́ ohùn lẹ́nu ọ̀nà.

"Ta ló wà níbẹ̀ yẹn? Kí lẹ̀ ń họ?"

Ìyá Ráfátù ni, ó ń fi ọ̀pá wá ọ̀nà, nítorí ojú rẹ̀ ti ń ṣú nígbà náà. Ó wá rán ará ilé Bàbá Àlàó létí pé ọmọ òun máa wá dágbére, kò mọ̀ pé ilé ṣófo.

Mo ní, "Ẹ káàbọ̀, ìyá. Èmi ni. Ìlù ni mò ń tún ṣe. Ẹ ò ní mọ̀ ọ́n mọ́ tí mo bá ṣe é tán!"

Ó ní, "Ìlù wo?"

Ìyá náà ju ọ̀pá sílẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú, ó bá ìyá ìlù. Ọwọ́ rẹ̀ bọ́ sí apá tí mo ti họ. Ó ń fi ọwọ́ wá a, ó ń fi ọwọ́ wá a, ó wá a lọ sókè, ó wá a wá sísàlẹ̀. Ó ní, "Èyí kọ́. Gbé tiwa fún mi." Mo ní, "Òun náà ni, ìyá." Ó ní, "Èyí kọ́!" Ó tún rọra yí i. Ọwọ́ rẹ̀ wá kan etí ibi dúdú tó kù. Mo rí i bí ìka rẹ̀ ṣe wọ ojú ìka àárín, ó wọ èyí tó tẹ̀lé e, ó wọ ọmọńdinrín tó tẹ̀ síta. Ó ń wá àtàǹpàkò. Kò sí. Ó ń wá ìka ìfábẹ̀lá. Kò sí.

Kò pariwo. Ìbá sàn ká ní ó pariwo. Ó kàn ní, "Ó ku mẹ́ta."

Ó wá jókòó sílẹ̀ láàárín èérún dúdú tí mo ti họ dà sílẹ̀, ó ń fi ọwọ́ gbá a jọ sínú ìró rẹ̀. Ojú tì mí débi pé mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu. Ẹ̀yin ọmọ yìí, mo ti di arúgbó, mo ti lọ Mẹ́kà, mo ti sin ìyá, mo ti sin bàbá, síbẹ̀ bí mo bá gbọ́ tí ẹnikẹ́ni ń fi sáńpépà họ igi, ọ̀rọ̀ mẹ́ta yẹn ni mò ń gbọ́.

Lọ́jọ́ keje, àwọn ọdẹ wọlé. Gbàù! gbàù! Gbogbo ìlú wà lórí àpáta, èmi nìkan ni mo dọ̀bálẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà Bàbá Àlàó. Wọ́n gbé ìlù síta. Bàbá Àlàó yí ìyá ìlù po lẹ́ẹ̀kan, ó wá fi ọwọ́ kan ibì kan tó ń dán. Ó ní, "Bàbá mi ló wà níbí." Bàbá rẹ̀, ẹni tí ó jẹ́ bàbá bàbá tèmi! Bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà.

Ìjà wá bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ ń fò lókè lókè. Ọ̀kan nínú àwọn ọdẹ ní kí wọ́n jẹ́ kí n kúkú họ ọ́ tán, kí ó lè rí bákan náà, pé ìlù alápá méjì ìtìjú ni lójú àlejò. Òmíràn ní kí wọ́n gbẹ́ tuntun. Ni èmi aṣiwèrè bá gbórí sókè láti ilẹ̀, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, mo lè tún un ṣe. N ó lọ dá oje, n ó lọ èédú, a óò lẹ ẹ́ padà, a óò wá ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ tó ti Ògúnjìnmí kó tẹ̀ ẹ́ kún un. Ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀."

Ọmọbìnrin kan ló fèsì láti ẹ̀yìn àwọn ọkùnrin. Ráfátù ni, ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀ láwùjọ. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ má bínú. Bí ẹ bá fi ọwọ́ ẹlòmíràn kún un, ọwọ́ ta ni mo máa dì mú?"

Ó ní, "Ẹ fi í sílẹ̀ bó ṣe wà. Èyí tó kù, bàbá mi ni."

Bàbá Àlàó yíjú sí mi. Ó ní, "Ọmọdé lè láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àkísà lo rí tó o fi họ ọ́, o ò mọ̀ pé aṣọ ni." Ó wá ṣe ìdájọ́. Ó ní wọn ò ní họ ọ́ mọ́, wọn ò ní kùn ún. Ó ní láti ọjọ́ yẹn lọ, èmi ni n óò máa tọ́jú ìlù títí n óò fi kú, aṣọ gbígbẹ nìkan sì ni ọwọ́ mi gbọdọ̀ mú súnmọ́ ọn. Mo rò pé yóò lé mi kúrò nílé ni. Mo sunkún bí ọmọ ọwọ́, mi ò mọ̀ bóyá ẹ̀rù ni tàbí ayọ̀.

Wọ́n lu ìlù yẹn lọ́jọ́ kejì o! Wọ́n lù ú bó ṣe rí, alápá méjì! Àwọn ọdẹ jó, ìbọn ń dún, ẹ̀kọ ọkà bàbà ń yí ká, wàrà àwọn Fúlàní ń yí ká, eruku bo gbogbo wa títí a ò fi mọ ẹni tó wọ funfun. Ọdẹ kan tó wá láti Ìgbòho tọ́ka sí ìyá ìlù, ó ní, "Ẹ̀yin ará Ṣakí, kí ló ṣe ìlù yín?" Bàbá Àlàó ò tilẹ̀ dúró ronú, ó ní, "Aṣọ ló ń wọ̀ lọ́wọ́ tẹ́ ẹ fi já wọlé. Ẹ̀yin ni ẹ ò kanlẹ̀kùn!" Ilé wó fún ẹ̀rín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ó kàn mí lára díẹ̀.

Ọjọ́ kẹta ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́. Àfáà ti so yìgì tán láàárọ̀, aṣọ òfì Ìsẹ́yìn wà lára Ráfátù, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀. Èmi ni mo gbé ìyá ìlù síta, iṣẹ́ mi ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ìyá rẹ̀ mú ọwọ́ rẹ̀, ó fi lé ojú ìka mẹ́ta yẹn. Ráfátù kúnlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ ẹkún ìyàwó. Ẹkún tó ti kọ́ sílẹ̀ kọ́ ló sun, èyí tó tinú rẹ̀ jáde ni:

"Bàbá mi, mo wá dágbére.
Mi ò mọ ojú rẹ, mi ò mọ ohùn rẹ,
Ọwọ́ rẹ ni mo mọ̀.
Wọ́n ní ọwọ́ náà ti lọ méjì, ó ku mẹ́ta.
Mẹ́ta náà tó mi í dì mú délé ọkọ."

Gbogbo àgbàlá bú sẹ́kún. Àwọn ọdẹ tó ń dojú kọ ẹfọ̀n ń fi etí agbádá nu ojú. Bàbá Àlàó wá gbé ọ̀pá ìlù, ohun tí a ò ṣe rí fún ìyàwó, ó lù ú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, gbìì! Mo rí i tí ara Ráfátù gbọ̀n nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lára ìlù. Ó gbójú sókè, ó ń rẹ́rìn-ín nínú omijé. Ó ní, "Ó dáhùn!" Inú mi dùn lọ́jọ́ yẹn ju ọjọ́ tí mo gbé ìyàwó tèmi lọ, kí olóògbé má bínú.

Ẹ fẹ́ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ìlù kékeré tí mo jó yí ká? Kò ju ọyẹ́ kan lọ. Atẹ́gùn gbígbẹ dé, igi tí mo ti bọ́ láṣọ fà, ó là láti òkè délẹ̀, páú! Pọ́líṣì mi ń dán lára rẹ̀ bó ṣe ń là. Apá tí mo họ lára ìyá ìlù náà, ẹ wò ó, ibẹ̀ ni ikán ti kọ́kọ́ gbìyànjú, ìgbà méjì ni mo lé wọn. Apá dúdú ńkọ́? Ikán ò ṣe bí ẹni pé òun rí i. Ohun tí a fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a fi agbára mú ní í nini lára. Èyí tí ẹ̀ ń pè ní ẹ̀gbin yẹn ló ń ṣọ́ igi.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe di olùtọ́jú ìlù títí dòní. Mo ṣì ń ṣe àga, mo ṣì ń pa á kó dán, ṣùgbọ́n kí n tó fi sáńpépà kan ohun àtijọ́ kan, n óò kọ́kọ́ bèèrè pé, "Ọwọ́ ta ló wà níbí?" Ọ̀pọ̀ oníbàárà rò pé orí mi ò pé mọ́.

Ó tó. Ẹ dìde. Wàídì, lọ fi fáníṣì rẹ pa ìlẹ̀kùn ilé ìwẹ̀, òun ló nílò rẹ̀. Sáńpépà yẹn, ẹ fi họ ẹsẹ̀ àga mi, ó ti ń fa aṣọ mi ya. Sàídátù, ìwọ wá síbí. Má bẹ̀rù, ọmọ ilé ni ọ́. Gbé ọwọ́ rẹ wá. Fi síbí, rọra. Ìka àárín. Èyí tó tẹ̀lé e. Ọmọńdinrín, ṣé o rí i bó ṣe tẹ̀ síta? Bàbá tó bí ìyá ìyá rẹ nìyẹn, ọwọ́ rẹ̀ lo dì mú yẹn. Sunkún, kò burú, ìyá àgbà rẹ náà sunkún.

Wá sún àtàǹpàkò rẹ síwájú díẹ̀, síbi tí kò sí nǹkan kan mọ́, tó kàn ń yọ̀ bọ̀rọ́bọ̀rọ́. Mi ò pa ẹfọ̀n rí, wọn ò fún mi láyè láti tẹ ọwọ́ mọ́ ìlù yìí. Ṣùgbọ́n ibi tó ń dán yẹn, ọwọ́ tèmi nìyẹn.